Má Kí Ẹnikẹ́ni Nínú Kọ́nà

Òmù-Àrán,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àmọ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí pẹ̀lú pé mo nírètí pé ara rẹ le, nítorí mo mọ̀ pé ara rẹ ò le. Orúnkún rẹ wú, ìgbọ̀nwọ́ rẹ bó, ẹ̀gbẹ́ kan lo sì fi ń jókòó. Ìwọ kọ́ lo sọ fún mi. Bàbá rẹ lo pè, o rò pé ọ̀rọ̀ náà ò ní dé etí mi. Ṣé o ti gbàgbé pé bàbá rẹ kì í gbọ́ ohùn èèyàn lórí fóònù àfi tó bá tẹ ibi tó ń pariwo síta? Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń ṣa ẹ̀wà, mo gbọ́ ọ láti orí ìṣubú títí dé orí ẹkún.

O ní lọ́jọ́ Ajé o máa dá máṣíìnì tí o fi ń gbé oògùn kiri padà fún àwọn ọ̀gá rẹ. O ní kí wọ́n gbé ọ lọ sí Ìlọrin, níbi tí èèyàn ti lè kọjá lára ọ̀pọ̀ èèyàn láàárọ̀ láì kí ẹnì kankan. Bàbá rẹ ní, "Ohun tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni." Nígbà tó pa fóònù tán, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀kọ́ ilé rẹ ló gbé ọmọ yẹn ṣubú."

Ohun tó jẹ́ kí n jókòó ti bébà nìyẹn. Tí mo bá pè ọ́, bí mo bá ti ń dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, wà á ní, "Màámi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa." Mo mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn dáadáa, ó ti ń dà ọ́ láàmú láti ìgbà tó o ti wọ yunifásítì. Ìyàwó pásítọ̀ wa tó ń bọ̀ ní Ìjàrà lọ́la fún ìpàdé àwọn obìnrin ni yóò mú lẹ́tà yìí wá, pẹ̀lú gààrí àti ike epo pupa kan. Mo ti ní kó dúró tì ọ́ títí wà á fi kà á tán.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé ó yé mi. O gbéra láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ilé ìwòsàn yín ní Ìjàrà-Ìsin, o di àpótí yìnyín tí oògùn àjẹsára àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn máṣíìnì, o dorí kọ Òkè-Onígbìn. Òjò ti wọ́n díẹ̀ ní ìdájí. Ní kọ́nà tó wà kí èèyàn tó wọ ìlú, àwọn tó ń ṣe láfún ti sá ẹ̀gẹ́ bíbó sórí títì ọlọ́dà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó gba nǹkan bí ààbọ̀ ọ̀nà, òjò sì ti rẹ ẹ́. Àwọn àgbà tó ń ṣọ́ ẹ̀gẹ́ kí ewúrẹ́ má jẹ ẹ́ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ìwọ, ọmọ tí mo bí, tí mo tọ́, o rí àgbà. O ju ọwọ́ máṣíìnì sílẹ̀ lápá kan, o tẹ orúnkún, o yíjú sí wọn, o ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá." O ò tíì parí rẹ̀ tó o fi bá ara rẹ nílẹ̀, orí ilẹ̀ lo sì ti kí wọn tán.

O ní àpótí náà ṣí, yìnyín yọ̀ títí ó fi dé ẹsẹ̀ bàbá kan, bàbá náà he é, ó ní kí Ọlọ́run bù kún ọ, ó ti pẹ́ tí òun ti rí omi tútù. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀wà tí mo ti ṣà dà nù mọ́ èyí tí mi ò tíì ṣà. Ìgbà tí ẹ̀rín náà lọ ni mo rántí pé egungun ọmọ mi ni mò ń fi rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sórí àpótí ìjókòó, mo sunkún díẹ̀. Bàbá rẹ ò rí mi.

Kí n tó wá sórí ìmọ̀ràn, jẹ́ kí n dá bàbá rẹ lóhùn, torí mo mọ̀ pé ó máa ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ ní ìkíni. Mo kọ́ ọ débi pé nígbà tó o wà ní kékeré, o kúnlẹ̀ kí aṣọ́komásùn, ère tí wọ́n wọ ẹ̀wù fún láti fi lé ẹyẹ nínú oko ìrẹsì, o sì ń retí kó dá ọ lóhùn. Ojú ò tì mí. Ta ni ìyá tí inú rẹ̀ ò ní dùn sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Àmọ́ mo gbà pé ibì kan wà tí ẹ̀kọ́ náà ò dé. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn lórí ẹsẹ̀ méjì, mi ò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí i lórí táyà méjì. Mo rò pé ìtàn tèmi ti tó ẹ̀kọ́ fún ọ, láìmọ̀ pé bàbá rẹ ti fi ẹ̀rín bà á jẹ́.

O mọ ìtàn náà. Gbogbo ọdún Kérésì ni bàbá rẹ ń sọ ọ́, tó sì ń fi àyè sílẹ̀ kí àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Mo jẹ́ tíṣà ọ̀dọ́mọbìnrin ní Rore, èmi nìkan ni obìnrin tó ń gun máṣíìnì ní gbogbo àdúgbò náà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ti ń wá mi wá, mi ò tíì dá a lóhùn tán. Ẹnu kọ́nà gan-an ni ilé wọn wà, bàbá bàbá rẹ sì máa ń jókòó síta láàárọ̀. Mo gbọ́ pé ó ti ń sọ pé obìnrin tó bá ń gun máṣíìnì ò ní mọ ọkọ, kò ní mọ àna. Mo ní ó dáa, màá fi hàn án. Mo pinnu pé lórí máṣíìnì náà ni màá ti kúnlẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ náà, ìyá bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi tó fi fọ irú sójú ọ̀nà. O mọ bí omi irú ṣe máa ń yọ̀, ó ń fà bí ilá. Mo wọ kọ́nà, mo gbé orúnkún kan sórí ìjókòó máṣíìnì, mo tẹ orí ba, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín yẹn, mo rí omi, ẹ̀rù bà mí, mo sì tẹ bíréèkì. Máṣíìnì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Èmi fi gbogbo gígùn mi nà sílẹ̀ níwájú bàbá náà, ojú mi bolẹ̀, apá mi méjèèjì wà níwájú, àyà mi wà lórí yẹ̀pẹ̀. Bàbá náà dìde lórí àga, ó ní, "Ó tó, ọmọ mi, ó tó, dìde." Ó wọlé lọ bá àwọn ará ilé, ó ní òun ti rí ọ̀pọ̀ ọmọge tó ń kúnlẹ̀, òun ò rí èyí tó ń dọ̀bálẹ̀ rí láyé òun, tí ọmọ òun bá jẹ́ kí èyí lọ, òmùgọ̀ ni.

Ibẹ̀ ni bàbá rẹ máa ń dá a dúró sí, tí gbogbo èèyàn á máa rẹ́rìn-ín. Èyí tí kì í sọ ni pé ọrùn ọwọ́ òsì mi yẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè wé gèlè fúnra mi, àwọn tí mò ń kọ́ ló ń bá mi gbé ìwé. Tí ọyẹ́ bá ti dé, ọwọ́ yẹn ṣì ń ro mí títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ní kí o bá mi fún aṣọ. Kì í sì í sọ pé lẹ́yìn tí mo ti dìde tán ni ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ láti òdìkejì. Ká ní mo pẹ́ díẹ̀ kí n tó wọ kọ́nà yẹn ni, ì bá bá mi lórí ilẹ̀. Ì bá má sí ìgbéyàwó, ì bá má sí ìwọ. Mo ti bá wọn rẹ́rìn-ín sí ìtàn yẹn lọ́pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí o ní tìrẹ.

Ó dáa. Ohun tí mo kọ́ lẹ́yìn ìgbà náà nìyí, bí ó ṣe ń wá sọ́kàn mi ni mò ń kọ ọ́.

Èkínní. Ibi tí ọ̀nà ti tọ́ ni kí o ti parí bíréèkì rẹ. Kí o tó dé kọ́nà, nígbà tí máṣíìnì ṣì nàró, tẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tiwájú àti tẹ̀yìn, bọ́ sí jíà kékeré, kí o sì lọ́ra débi tó máa fi dà bíi pé ìwọ fúnra rẹ ń sùn. Tó o bá ti wọ inú kọ́nà, gbàgbé bíréèkì, pàápàá ti iwájú. Lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, iṣẹ́ kan ni táyà lè ṣe lẹ́ẹ̀kan, kó yà tàbí kó dúró. Bàbá rẹ náà nìyẹn. Sọ fún un pé kó máa gbọ́ rédíò, á gbọ́ ọ. Sọ fún un pé kó máa ṣọ́ ìkòkò, á ṣọ́ ọ. Sọ méjèèjì fún un pọ̀, ìkòkò á jóná, kò sì ní lè sọ ohun tí wọ́n sọ nínú rédíò.

Èkejì. Ibi tó o bá ń wò ni máṣíìnì ń lọ. Ìparí kọ́nà ni kí o máa wò, ibi tó o fẹ́ yọ sí. Má tẹjú mọ́ ohun tó ò fẹ́ gùn. Díákónì kan wà nínú ìjọ wa, èèyàn dáadáa, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó ń lọ síbi ìdúpẹ́ ìkórè nínú agbádá funfun. Àwọn màlúù ti kọjá ní kọ́nà kan, wọ́n sì ti ṣe ohun tí màlúù máa ń ṣe. Díákónì rí bọ̀tọ̀ náà láti òkèèrè. Ó ń wò ó, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Mi ò gbọdọ̀ gun bọ̀tọ̀ yìí, mi ò gbọdọ̀ gun bọ̀tọ̀ yìí." Ọ̀nà yẹn fẹ̀, Àmọ̀kẹ́. Bọ̀tọ̀ náà ò ju àwo ìjẹun lọ. Ó gùn ún ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Ìta ṣọ́ọ̀ṣì ló ti dúpẹ́ lọ́dún yẹn, lábẹ́ afẹ́fẹ́.

Ẹ̀kẹta, mọ ohun tó ń yọ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn tó ń kọ ìwé nípa máṣíìnì ò dé Ìsin, yìnyín orí ọ̀nà ni wọ́n ń sọ, ìwọ nìkan lo sì ti gbé yìnyín dé títì wa. Òjò àkọ́rọ̀ burú ju òjò ńlá lọ, torí eruku àti epo ọkọ̀ tó ti wà lórí ọ̀dà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò kọ́kọ́ pò pọ̀. Jẹ́ kí òjò fọ ọ̀nà dáadáa ná, lẹ́yìn náà kí o lọ. Níbi tí ọ̀nà oko bá ti wọ títì, àwọn ọkọ̀ máa ń kó ẹrẹ̀ pupa àti òkúta wẹ́wẹ́ wá síbẹ̀. Lásìkò kajú àti máńgòrò, ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá jẹ kù, orí títì ni wọ́n ń jù ú sí. Ewé tíìkì tútù náà, ó gbòòrò, ó sì máa ń bo ihò mọ́lẹ̀. Ọkà bàbà gbígbẹ ńkọ́? Tí wọ́n bá sá a, tí wọ́n sì kó o tán, àwọn tó kù sílẹ̀ máa yí lábẹ́ táyà rẹ. Ní ti ẹ̀gẹ́ tútù, ó yà mí lẹ́nu pé ìwọ lo gun ún. Sítáàṣì tó wà lára kọ́là aṣọ iṣẹ́ rẹ, ibo lo rò pé wọ́n ti rí i?

Tí o kò bá lè yà fún un, gba orí rẹ̀ kọjá láì ṣe nǹkan kan. Má tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Jẹ́ kí máṣíìnì nàró, kí o fi fífẹ̀ ọ̀nà yí i díẹ̀díẹ̀, tí kò bá sí ọkọ̀ lódìkejì. Epo tó o ń fún un, ìwọ̀n kan náà ni kí o máa fún un, má já a lójijì, má fà á lójijì. Má di kílọ́ọ̀ṣì mú. Má na ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti fi gbára lé ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ ò lè dá máṣíìnì dúró, ó kàn máa kán ni. Tó bá yọ̀ lábẹ́ rẹ díẹ̀, má di ọwọ́ rẹ̀ mú pinpin, fọwọ́ rọ̀, á tún ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo rí i pé ẹ̀rù ẹni tó ń gùn ún ló ń gbé e ṣubú, kì í ṣe ilẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, àpótí yìnyín yẹn, ta ló dì í fún ọ? O sọ fún bàbá rẹ pé ó ga dé èjìká rẹ. Gbé e wá sílẹ̀, kó wà láàárín, kí o fi rọ́bà dì í lẹ́ẹ̀mejì. Ẹrù tó bá ga máa ń fẹ́ dá nìkan tẹ̀ nínú kọ́nà. Máa fọwọ́ tẹ táyà wò láàárọ̀ kí o tó jáde, kí o sì dé akoto rẹ. Mo mọ̀ pé ó ń ba irun jẹ́. Irun ń hù.

Ẹ̀karùn-ún ni ìkíni, òun gan-an ló gbé mi dé ibí.

Má kí ẹnikẹ́ni nínú kọ́nà. Ì báà jẹ́ bàálẹ̀, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ èmi. Kí wọn kí o tó dé kọ́nà, tàbí kí o yọ tán, kí o páàkì máṣíìnì síbi tó dáa, kí o fi ẹsẹ̀ rìn padà, kí o kúnlẹ̀ gidi. Àwọn àgbà fẹ́ràn ìyẹn jù, torí wọ́n á lè bi ọ́ léèrè ọmọ ta ni ọ́, wọ́n á sì sọ ibi tó ń dùn wọ́n fún ọ. Lọ́jọ́ tí àyè ò bá sí, fọn fèrè lórí títọ́, kí o gbé ojú rẹ síbi tó ò ń lọ, kí o kọjá.

Mo ń gbọ́ ohùn rẹ. Ò ń sọ pé, "Màámi, wọ́n á ní mo gbéra ga." Òótọ́ ni. Níbí, ẹni tí kò bá kíni ní Ìsin láàárọ̀, wọ́n á ti gbọ́ nípa rẹ̀ ní Òmù-Àrán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Mo mọ̀ pé ìtìjú ló ń lé ọ lọ sí Ìlọrin, kì í ṣe orúnkún. O ò fẹ́ ṣubú lójú wọn mọ́, o ò sì lè kọjá wọn láì kí wọn. Mo rò ó títí, mo rí i pé ìmọ̀ràn tí mo bá fún ìwọ nìkan ò tó. Ni mo ṣe lọ síbẹ̀ lánàá.

Mo gun ọ̀kadà láti ibí. Ọmọkùnrin tó gbé mi ní òun ti gbé ewúrẹ́, òun ti gbé ilẹ̀kùn, òun ò gbé ìyá tó ń sọ jíà tí òun máa wọ̀ fún òun rí. Mo ní kó máa wo iwájú.

Wọ́n wà níbẹ̀ lábẹ́ máńgòrò bí o ṣe sọ. Bàbá tó he yìnyín ni olórí wọn, Jáyéọlá lorúkọ rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ ò ní bọ́tìnnì kankan ṣùgbọ́n ó wọ fìlà tó dáa. Obìnrin arúgbó kan jókòó sẹ́yìn wọn, ó kọ̀yìn sí wa, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní èmi ni ìyá nọ́ọ̀sì.

"Nọ́ọ̀sì oníyìnyín!" Bàbá Jáyéọlá fò dìde. "Ọmọ tó mọ èèyàn kí! Ara rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ló tún ń bọ̀?"

Mo ní, "Tó bá tún ń bọ̀, bàbá, kò ní kí yín mọ́."

Bàbá náà padà jókòó. Ó ní, "Kí la ṣe fún un?"

Mo ṣàlàyé. Mo fi ìbòrí mi ṣe ọ̀nà, mo fi bàtà mi ṣe máṣíìnì, mo ń fi hàn wọ́n bí táyà ṣe ń yọ̀. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé ẹ̀gẹ́ kúrò ní kọ́nà. Bàbá Jáyéọlá ní kò sí ibi tí àwọn máa gbé e sí, igi ló bo gbogbo ọ̀nà tó kù, kọ́nà yẹn nìkan ni oòrùn kì í kúrò. Mo ní ó dáa, á máa fọn fèrè kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ gbà á bí ìkíni.

Ó rò ó. Ó ní, "Báwo la ṣe máa mọ̀ pé àwa ló ń fọn ún fún, tí kì í ṣe ewúrẹ́?"

Àmọ̀kẹ́, mo ti ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí ọmọ tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá nọ́ọ̀sì, má bínú. Ọkọ̀ tó ń gba ibí kọjá pọ̀. Kò sí èyí tó ń wò wá. Ọmọ rẹ nìkan ló ń wò wá. Tí a bá ti ń gbọ́ máṣíìnì rẹ̀, a máa ń tún jókòó dáadáa." Nígbà tó sọ ìyẹn, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú mi sí. Mo ti wá síbẹ̀ láti gba ohun tó kù fún wọn lọ́wọ́ wọn.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ fi gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ti rò pé kò gbọ́ràn. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Jáyéọlá ni, èmi ò mọ̀.

Ó ní, "Jáyéọlá, dákẹ́."

Bàbá náà dákẹ́ bí ọmọ kékeré.

Kò yíjú sí wa. Ó ní, "Èéyi pa méjì nínú ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni. Wọ́n mọ èèyàn kí, àwọn méjèèjì, gbogbo àdúgbò ló ń yìn wọ́n. Kò sí ẹni tó gun ohunkóhun gba kọ́nà yìí wá sí ọ̀dọ̀ wọn." Ó tún mú ọ̀bẹ. "Kó má kí mi. Tó bá wù ú, kó kọ̀yìn sí mi. Kó ṣáà máa yọ."

Bàbá Jáyéọlá mú ìgbálẹ̀, ó bọ́ sójú títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹ̀gẹ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ká aṣọ mi sókè, mo bá a kó o. A ṣí ọ̀nà sílẹ̀ tó tó ọkọ̀ kan, ó sì ní àwọn á máa bu omi fọ̀ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Àmọ́ tìrẹ ni kí o ṣì lọ́ra, torí mo mọ bí ọkùnrin ṣe ń gbá ilẹ̀.

Wọ́n ní àwọn ìyá tó gbé ọmọ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun dúró títí, wọ́n padà sílé. Lọ́jọ́ Ajé wọ́n á tún wá. Ìyá arúgbó yẹn ní òun fúnra òun ló máa pọn ọmọ ọmọ-ọmọ òun wá.

Mi ò ní sọ fún ọ pé o ò gbọdọ̀ dá máṣíìnì padà. Ara rẹ ni, ìwọ lo mọ ibi tó ń dùn ọ́. Tó o bá lọ sí Ìlọrin, ọmọ mi ni ọ́, màá wá kí ọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo fẹ́ kí o lọ sí Òkè-Onígbìn. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì fẹ́ kí o lọ. Mi ò mọ bí nǹkan méjèèjì ṣe gba inú àyà kan, àmọ́ wọ́n wà níbẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Lọ́jọ́ Ajé, tó o bá ti yọ ní kọ́nà yẹn, dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí o pè mí. Mi ò ní bi ọ́ léèrè ẹni tí o kí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.